Rélùwéè tí ò ní ojú irin: báwo làwọn ẹrú ṣe ń sá lọ sí òmìnira l'Amẹ́ríkà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ Underground Railroad (rélùwéè abẹ́ ilẹ̀), orúkọ tí wọ́n fún ọ̀nà táwọn ẹrú ń gbà sá lọ sí òmìnira, kò sí ihò kankan tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ láti Gúúsù dé Àríwá Amẹ́ríkà, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba inú ihò náà kọjá. Èèyàn ni. Èèyàn, ilé, abà, ọkọ̀ ojú omi, ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọ̀nà inú igbó tí wọ́n ń tọ̀ lóru. Láàárín 1830 sí 1850 ni rélùwéè gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn ká Amẹ́ríkà, ẹnu gbogbo èèyàn ló wà, làwọn tó ń ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá bá yá èdè ẹ̀ lò: ẹni tó ń mú wọn rìn ni kọ̀ndọ́, ilé tí wọ́n ń fara pamọ́ sí ni tẹ́sàn, àwọn tó ń sá náà ni èrò ọkọ̀, nígbà míì wọ́n á pè wọ́n ní ẹrù. Tí lẹ́tà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ò yẹ, á rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n ń bára wọn sọ.

Kí ni wọ́n ń sá fún, ibo ni wọ́n sì ń sá lọ? Nígbà tó fi máa di 1860, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn tó wà lóko ẹrú l'Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ 15 lòfin sì ti fàyè gbà á. Àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá ti ń fòpin sí i díẹ̀díẹ̀, Pennsylvania bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1780, ṣùgbọ́n ibi tó ti máa ń rú èèyàn lójú nìyí o: ẹni tó bá sá dé Àríwá ò tíì bọ́. Ìwé òfin ilẹ̀ náà fúnra ẹ̀ sọ pé kí wọ́n dá ẹrú tó bá sá padà fún ẹni tó ni ín, wọ́n tún wá ṣe òfin míì ní 1793 tó fún olówó ẹrú láṣẹ láti wá gbá èèyàn mú ní ìpínlẹ̀ yòówù. Ìyẹn ni pé èèyàn lè ti máa gbé New York fún ọdún mẹ́wàá, ó ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ, kí ẹnì kan ṣàdédé dì í mú lójú títì pé òun lòun ni ín. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ náà rí èyí lò dáadáa, wọ́n á jí ẹni tí wọ́n bí sínú òmìnira gbé, wọ́n á lọ tà á sí Gúúsù.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yẹ ká fara balẹ̀ sọ. Kò ní ọ́fíìsì àgbà, kò ní máàpù, kò ní ààrẹ (òótọ́ ni pé wọ́n máa ń pe Levi Coffin, ará Indiana, ní ààrẹ ẹ̀, oyè ẹnu lásán nìyẹn), kò sì sẹ́ni tó mọ gbogbo ọ̀nà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń wọkọ̀ láti Ṣakí lọ sí Èkó tó ń sọ̀ ní gáréèjì kan sí òmíì, dírẹ́bà àkọ́kọ́ mọ ẹni tó máa gba èrò lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ kò rí dírẹ́bà kẹta rí láyé ẹ̀. Àìmọ̀ yẹn gan-an ló ń dáàbò bò wọ́n, torí tí wọ́n bá mú ẹnì kan tí wọ́n lù ú títí, ilé kan tàbí méjì péré ló lè tú àṣírí ẹ̀. Láti ilé kan sí ìkejì sábà máa ń tó ìrìn òru kan, nǹkan bíi máìlì 10 sí 20, wọ́n á rìn lóru, wọ́n á fara pamọ́ lọ́sàn-án nínú abà, lókè àjà, nínú igbó. Ìràwọ̀ Àríwá tí kì í kúrò lójú kan ni wọ́n fi ń mọ̀nà, tí òjò bá wá ṣú bo ojú ọ̀run ńkọ́, wọ́n á dúró, tàbí kí wọ́n máa tọ etí odò lọ kí wọ́n má bàa ṣìnà padà sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ń sá fún.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fíìmù kì í fi hàn wá pé apá tó burú jù nínú ìrìn àjò yẹn, ẹni tó ń sá ló máa ń dá a rìn. Ní Gúúsù tó jìn wọnú, bíi Alabama àti Mississippi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí tẹ́sàn kankan. Àwọn ẹrú bíi tiẹ̀ ló máa ń yọ́ oúnjẹ fún un lóru, àwọn ló máa sọ fún un pé má gba ibí yìí, àwọn ọlọ́dẹ wà níwájú, ajá wọn sì mọ òórùn ẹsẹ̀ èèyàn tọ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn wọn wewu torí tí àṣírí bá tú, pàṣán ni, tàbí kí wọ́n tà wọ́n jìnnà sí ọmọ àti aya wọn. A ò mọ orúkọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ láìsí wọn kò sẹ́ni tó máa dé ọ̀dọ̀ kọ̀ndọ́ kankan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà nítòsí ààlà, Maryland, Delaware, Virginia, Kentucky, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó bọ́, ọ̀dọ́kùnrin ló sì pọ̀ nínú wọn, torí ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn ò lè sáré bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe Àríwá nìkan ni wọ́n ń sá lọ. Àwọn tó wà ní Texas máa ń dojú kọ Mẹ́síkò, tó ti fòpin sí oko ẹrú ní 1829, àti pé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú gbogbo èyí, nígbà tí Florida ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì, àwọn tó sá láti Carolina ti ń lọ gba òmìnira níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fún wọn ní ìlú olódi tiwọn, Fort Mose, ní 1738.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú ààlà kan. Odò Ohio ló pín Kentucky tó jẹ́ ilẹ̀ ẹrú níyà sí Ohio tó jẹ́ ilẹ̀ òmìnira, ìlú kékeré kan sì wà lẹ́bàá odò náà tí wọ́n ń pè ní Ripley. Pásítọ̀ òyìnbó kan, John Rankin, kọ́lé sórí òkè níbẹ̀, iná àtùpà ilé ẹ̀ sì ń hàn dé òdìkejì odò. Nísàlẹ̀ ìlú náà lọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ń gbé tó ń jẹ́ John Parker, ẹrú lòun náà tẹ́lẹ̀, ó fi dọ́là 1,800 ra ara ẹ̀ padà ní 1845. Lọ́sàn-án ó wà nídìí iṣẹ́ irin rírọ, tó bá dalẹ́ á bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, á tukọ̀ kọjá sí Kentucky, sínú ilẹ̀ tí wọ́n ti lè pa á, á lọ kó àwọn èèyàn bọ̀. Ẹ rò ó wò, ẹni tó ti fowó ara ẹ̀ ra òmìnira, tó ń padà lọ sí ẹnu ìkookò lóru torí ẹni tí kò mọ̀ rí.

Philadelphia ló tún yẹ ká mẹ́nu bà, torí ibẹ̀ ni William Still wà. Ọmọ àwọn tó ti ṣẹrú rí ni, òun ló sì ń darí ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn tó sá dé: wọ́n á fún wọn lóúnjẹ, bàtà, oògùn, owó ọkọ̀, ibi tí wọ́n máa sùn. Owó yẹn ò já bọ́ látọ̀run o, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn obìnrin ló ń ṣe bàsá, tí wọ́n ń ta ohun tí wọ́n fọwọ́ rán láti fi kó o jọ. Still wá ń ṣe ohun tó léwu jù, ó ń jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá dé, á béèrè orúkọ ẹ̀, ibi tó ti wá, orúkọ tuntun tó fẹ́ máa jẹ́, àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ tó fi sílẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1850 ọkùnrin kan wọlé wá tó ti ṣẹrú fún ogójì ọdún, ó ń wá ìyá ẹ̀ tí wọ́n ti yà nípa látìgbà tó wà ní kékeré. Bó ṣe ń dárúkọ ìyá àti bàbá ẹ̀ ni Still rí i pé àwọn òbí òun ló ń dárúkọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, Peter, tí wọn ò fojú kan ara wọn rí. Ìyá wọn ṣì wà láyé. Látìgbà yẹn ni ìwé tí Still ń kọ wá di nǹkan pàtàkì sí i lọ́wọ́, ó ń tọ́jú ẹ̀ kí ẹbí lè fi wá ara wọn rí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1872 lẹ́yìn tí ewu ti kọjá. Ó ju ohunkóhun tí òyìnbó kankan kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí lọ lójú tèmi.

Harriet Tubman lorúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀, ó sì tọ́ sí i, àmọ́ irọ́ tí wọ́n fi bò ó ti pọ̀ ju òótọ́ lọ. Wọ́n á ní ó kó 300 èèyàn jáde, wọ́n á ní dọ́là 40,000 ni wọ́n fi lé orí ẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkéde tó wà nínú ìwé ìròyìn nígbà tó kọ́kọ́ sá pẹ̀lú àwọn àbúrò ẹ̀ méjì ní 1849, dọ́là 100 ni wọ́n fi lé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Nǹkan bí ìgbà 13 ló padà lọ sí Maryland, nǹkan bí 70 èèyàn ló fọwọ́ ara ẹ̀ mú jáde, ó sì júwe ọ̀nà fún bí 70 míì. Ṣé ìyẹn kéré ni? Obìnrin tí ò mọ̀wé kà, tí ọ̀gá òṣìṣẹ́ oko kan ti sọ irin lù lórí nígbà tó wà lọ́mọdé débi pé oorun máa ń ṣàdédé gbé e lójú ọ̀nà, ó ń padà lọ sí ibi tí wọ́n ti mọ ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí èrò ẹ̀ kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà òtútù ló máa ń lọ torí òru gùn nígbà yẹn, àwọn èèyàn sì wà nínú ilé. Alẹ́ Sátidé ni wọ́n sábà máa ń gbéra, torí Sọ́ńdè kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, ìwé ìròyìn ò sì ní gbé ìkéde jáde títí di Mọ́ńdè.

Ní 1854 ó fẹ́ lọ mú àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta, ó ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Jacob Jackson, ó ní kó sọ fún wọn kí wọ́n máa ṣọ́nà kí wọ́n máa gbàdúrà, tí ọkọ̀ Síónì bá ti dé kí wọ́n wọlé. Àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ tú lẹ́tà náà kà, kò yé wọn, wọ́n pe Jackson, Jackson náà ní kò yé òun rárá. Ló bá yáa lọ ta àwọn ọmọ ìyá náà lólobó. Nígbà Kérésìmesì ọdún yẹn ni wọ́n kúrò, nígbà tí wọ́n ti ń múra láti lu wọ́n ní gbàǹjo.

Àwọn míì ò tiẹ̀ gba ọ̀nà igbó rárá. Frederick Douglass wọ rélùwéè gidi kúrò ní Baltimore ní 1838, ó múra bí atukọ̀ ojú òkun, ìwé àṣẹ tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ló mú dání. Ellen Craft àti ọkọ ẹ̀ William kúrò ní Macon ní Georgia ní December 1848, Ellen tí àwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti òyìnbó múra bí ọ̀dọ́kùnrin olówó tó ń ṣàìsàn, William wá di ẹrú tó ń tẹ̀ lé e. Ellen ò mọ̀wé kọ, ó sì mọ̀ pé wọ́n máa ní kó fọwọ́ síwèé ní òtẹ́ẹ̀lì, ló bá fi aṣọ gbé apá ọ̀tún kọ́rùn bí ẹni tó farapa. Ọjọ́ Kérésìmesì ni wọ́n dé Philadelphia. Henry Brown ní tiẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ta ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n kan òun mọ́ inú àpótí ní Richmond ní March 1849, gígùn àpótí náà ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, wọ́n fi ránṣẹ́ bí ẹrù, nǹkan bíi wákàtí 27 ló lò níbẹ̀, nígbà míì wọ́n dorí ẹ̀ kodò. Ó yè. Samuel Smith, òyìnbó tó bá a fi ránṣẹ́, tún dán irú ẹ̀ wò fún àwọn míì, wọ́n mú un, ó sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún mélòó kan.

1850 ni gbogbo nǹkan wá le sí i. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun lórí ẹrú tó bá sá, ẹ sì wo bí òfin náà ṣe rí: ẹni tí wọ́n mú ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ fún ara ẹ̀ níwájú adájọ́, kò sí ìgbìmọ̀ aráàlú tó máa gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, ẹni tó ń dá ẹjọ́ sì máa gba dọ́là 10 tó bá ní ẹrú ni, dọ́là 5 péré tó bá ní kì í ṣe ẹrú. Ẹni tó bá fún ìsáǹsá ní oúnjẹ tàbí ibi ìsùn lè san dọ́là 1,000, kó sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní Boston ní 1854, ṣọ́jà ni wọ́n fi yí Anthony Burns, ọkùnrin kan tó sá kúrò lóko ẹrú, ká dé etí òkun, wọ́n dá a padà sí Virginia lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń pariwo lójú títì, àwọn ará Boston dáwó rà á padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Látìgbà náà ni Kánádà ti wá di ibi tí ọ̀pọ̀ ń forí lé, torí abẹ́ Ìlú Ọba ló wà, Ìlú Ọba sì ti fòpin sí oko ẹrú láti 1834. Tubman fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tiẹ̀ lọ sí St. Catharines ní Ontario.

Èèyàn á wá béèrè pé tó bá jẹ́ àṣírí, kí ló dé tá a tún fi gbọ́ pé Jermain Loguen, pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú kan ní Syracuse, ìpínlẹ̀ New York, ń kéde nínú ìwé ìròyìn pé ilé òun ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá sá? Ibi téèyàn wà ló ń sọ bó ṣe máa ṣe é. Syracuse ò jìnnà sí Kánádà, àwọn aráàlú ò sì fẹ́ràn òfin yẹn rárá, ní 1851 wọ́n ya wọ àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n gba ọkùnrin kan tí wọ́n mú jáde tipátipá. Tó bá jẹ́ Maryland ni Loguen ti sọ bẹ́ẹ̀, òkú ni. Douglass bínú sí irú ariwo yẹn, ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ ní 1845 pé àwọn tó ń polongo ọ̀nà náà ń la ojú olówó ẹrú ni, wọn ò ran ẹni tó kù lẹ́yìn lọ́wọ́, òun ò sì sọ bóun ṣe sá títí oko ẹrú fi parí. Ọ̀rọ̀ Douglass ni mo fara mọ́.

Àwọn tí wọ́n sì mú, wọ́n jìyà. Thomas Garrett, Quaker (ọmọ ìjọ Kristẹni kan tó lòdì sí oko ẹrú) tó ń ta irin ní Wilmington ní Delaware, ran èèyàn tó lé ní 2,500 lọ́wọ́, kọ́ọ̀tù bu owó ìtanràn ńlá lé e ní 1848, kò jáwọ́. Òyìnbó ni Garrett ṣá, owó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Samuel Burris tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n bí sínú òmìnira, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Delaware kan náà, gbàǹjo ni wọ́n lù ú, wọ́n tà á bí ẹrú, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló yọ́ fi ẹnì kan sáàárín àwọn oníbàárà tó lọ rà á kó lè padà bọ́. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ka ibì kan tí wọ́n ti sọ̀tàn náà bí ẹni pé òyìnbó ọlọ́kàn rere ló gba ẹrú aláìní là, ẹ mọ̀ pé wọ́n yọ ibi tó ṣe pàtàkì jù kúrò. Àwọn Quaker ṣe gudugudu méje, ẹnikẹ́ni ò ní sẹ́ ẹ, àmọ́ aláwọ̀ dúdú ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òun ló ru ẹrù tó wúwo, òun náà ló san owó ẹ̀ jù.

Àwọn ìtàn kan wà tó yẹ ká fi sílẹ̀. Wọ́n ní wọ́n máa ń rán àmì ọ̀nà sára aṣọ ìbora, wọ́n á sá a síta kí ìsáǹsá lè kà á. Àwọn onítàn ti wá a títí, kò sí ẹ̀rí kankan láti ìgbà náà, lẹ́yìn 1990 ni ìtàn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde. Ọ̀pọ̀ ihò abẹ́ ilé tí wọ́n ń fi han àlejò pé ẹrú gba ibẹ̀, ihò omi tàbí yàrá ìkó-nǹkan-sí ni. Iye èèyàn ńkọ́? Nígbà tó jẹ́ ohun ìkọ̀kọ̀, kò sẹ́ni tó ka wọ́n tán, àwọn onítàn máa ń fi sáàárín 30,000 sí 100,000. Lára mílíọ̀nù mẹ́rin, díẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn dun àwọn olówó ẹrú wọra, torí gbogbo ẹni tó bá sá ń já wọn nírọ́ pé inú ẹrú dùn níbi tó wà. Nígbà tí South Carolina kéde ní December 1860 pé òun ti yapa kúrò lára Amẹ́ríkà, ó wà lára ẹ̀sùn tó kà sílẹ̀ pé àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá kọ̀ láti dá ìsáǹsá padà. Ogun sì tẹ̀ lé e.

Kó tó parí, Bràsíìlì. Ibẹ̀ ló kàn wá jù torí ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa lọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagô. Irú iṣẹ́ yìí wáyé níbẹ̀ náà, kódà ó pẹ́ ju ti Amẹ́ríkà lọ. Luís Gama, tí wọ́n bí ní Salvador ní 1830, sọ pé Nagô ni ìyá òun, Luísa Mahin. Bàbá ẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó tà á nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ó kọ́ ìwé, ó gba ara ẹ̀, ó di agbẹjọ́rò láìlọ yunifásítì, ó sì gba èèyàn tó lé ní 500 sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn tó kú ní 1882, Antônio Bento kó àwọn èèyàn jọ ní São Paulo tí wọ́n ń pè ní Caifazes, àwọn wọ̀nyí ò dúró de kọ́ọ̀tù mọ́, wọ́n ń yọ́ wọ oko kọfí lóru, wọ́n ń kó àwọn ẹrú jáde, wọ́n ń mú wọn lọ sí Jabaquara ní Santos, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ti ń gbé. Ní Rio, òdòdó camellia funfun táwọn tó sá ń gbìn ní Leblon làwọn alátìlẹyìn wọn ń fi sáyà kí wọ́n lè dá ara wọn mọ̀.

Ní October 1887 àwọn ọ̀gá ṣọ́jà Bràsíìlì kọ̀wé sí ọmọ ọba Isabel pé kí wọ́n má rán àwọn lọ dọdẹ ìsáǹsá mọ́. Àwọn olóko kan ní São Paulo ti ń ṣèlérí owó oṣù fáwọn èèyàn wọn kí wọ́n má bàa jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n má rí ẹnì kankan lóko. Nígbà tí Isabel fi máa fọwọ́ sí òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní May 13, 1888, ọ̀pọ̀ ló ti fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde ṣáájú ìwé náà.